Africatown, ìlú tí àwọn ará ilé wa dá sílẹ̀ ní Alabama: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìgbàkigbà tí mo bá dárúkọ Africatown láàárín àwọn èèyàn wa, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí. Mo wá kó wọn jọ síbí kí n má bàa máa tún un sọ. Ọ̀pọ̀ ti gbọ́ nípa Clotilda, ọkọ̀ tó kó àwọn tó dá ìlú náà sílẹ̀ lẹ́rú láti Áfíríkà wọ Amẹ́ríkà, wọ́n sì rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pin sí. Ọ̀rọ̀ oṣù mélòó kan ni ọkọ̀ yẹn. Ìlú tí àwọn tó bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ fọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀ ti lé ní 150 ọdún, òun ni mo fẹ́ ká wò dáadáa.

Níbo ni Africatown wà gan-an? Ṣé ìlú ni, àbí àdúgbò?

Ó wà ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní gúúsù Amẹ́ríkà, nǹkan bíi máìlì mẹ́ta sí àríwá àárín ìlú Mobile. Odò Mobile ń ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, odò kékeré méjì, Three Mile Creek àti Chickasabogue, sì pààlà fún un. Tí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀, ẹ lè rí Plateau tàbí Magazine Point dípò Africatown. Ibì kan náà ni.

Ní ti ìlú tàbí àdúgbò, ó kù sẹ́ni tí ẹ bá bi. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó ní olórí tirẹ̀, adájọ́ tirẹ̀ àti òfin tirẹ̀. Nígbà tó yá, láàárín ọ̀rúndún tó kọjá, Mobile nà dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì gbé wọn mì. Nínú ìwé ìjọba, àdúgbò Mobile ni. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà tó bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀ o.

Ta ló dá a sílẹ̀?

Nǹkan bí ọgbọ̀n èèyàn nínú àwọn tí wọ́n fi Clotilda kó wá sí Amẹ́ríkà ní 1860. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣe ẹrú. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, wọ́n sì gba òmìnira. Ní April 12 ọdún yẹn, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ dé etí odò tí Kossola, ọ̀kan nínú wọn, ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀, wọ́n ń já èso jẹ lórí igi tó wà nítòsí. Wọ́n rí àwọn aláwọ̀ dúdú nínú ọkọ̀, wọ́n ní, ẹ ò lè dúró síbẹ̀ mọ́, ẹ ti di òmìnira. Inú wọn dùn. Wọ́n wá béèrè pé níbo ni àwọn máa lọ? Àwọn ọmọ ogun ní ibi tó bá wù yín. Bí òmìnira ṣe dé nìyẹn: èso lẹ́nu, kò sí ilé, kò sí ilẹ̀.

Ṣebí wọ́n ti fòfin de òwò ẹrú nígbà yẹn? Báwo ni wọ́n ṣe kó wọn wọlé?

Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ẹrú wọlé láti òkè òkun mọ́. Rírà àti títà láàárín ilé ni wọn ò fọwọ́ kàn. Timothy Meaher, olówó kan ní Mobile tó ní ọkọ̀ ojú omi àti sọ́míìlì, bá àwọn kan jiyàn, ó fowó lé e, pé òun máa kó ẹrú wọ Mobile, kò sì sí ohun tí ìjọba máa fi òun ṣe. Ó wá William Foster tó kan ọkọ̀ Clotilda fúnra rẹ̀. Ní March 1860, Foster gbéra lọ sí Ouidah, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí, pẹ̀lú owó wúrà.

Ó fẹ́ rà ju 110 lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kó wọn sínú ọkọ̀, ó rí ọkọ̀ méjì tó ń bọ̀ lókèèrè, àyà rẹ̀ já, ó sì fi àwọn tó kù sílẹ̀ ní etíkun, ó sá lọ. Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó rékọjá òkun. Lóru ọjọ́ kan ní July 1860, wọ́n fa ọkọ̀ náà wọ inú odò Mobile, wọ́n kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ sínú ọkọ̀ mìíràn, Foster sì dáná sun Clotilda kí ẹ̀rí má bàa sí. Wọ́n fi àwọn èèyàn náà pa mọ́ sínú igbó ẹrẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n. Ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, ẹjọ́ náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ogun sì bẹ́ ní 1861. Meaher kú sínú ọlá rẹ̀ ní 1892.

Ohun tí Kossola ò gbàgbé títí tó fi darúgbó ni ti aṣọ. Ní etíkun Ouidah, bí wọ́n ṣe fẹ́ wọ ọkọ̀, wọ́n bọ́ aṣọ tó wà lára wọn pátápátá. Wọ́n sọ fún wọn pé wọ́n máa rí aṣọ tó pọ̀ níbi tí wọ́n ń lọ. Ìhòòhò ni wọ́n fi dé Amẹ́ríkà, àwọn tó rí wọn sì ń sọ pé ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe wà, wọn ò mọ̀ ju ìhòòhò lọ. Ìtìjú yẹn bà á jẹ́ ju ẹ̀fọn lọ.

Ṣé Yorùbá ni wọ́n lóòótọ́, àbí a kàn ń fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀?

Gbogbo wọn kọ́. Àwọn Nupe wà níbẹ̀, àwọn Dendi wà níbẹ̀, a rí èyí tó jẹ́ ará Dàhómì gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dá ìlú náà sílẹ̀, Yorùbá ni wọ́n, láti agbègbè Bantè níbi tí àwọn Yorùbá Ìṣà ń gbé, ní Benin lónìí. Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ jù nínú wọn ni Oluale Kossola, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Cudjo Lewis. Nǹkan bí ọmọ ọdún 19 ni nígbà tí wọ́n mú un. Ó sọ bí àwọn àgbà ṣe mú òun wọgbó láti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ òun ní ìmọ̀ orò, bó ṣe gbọ́ ohùn tó ń bú ramúramù nínú igbó, tí kò mọ ohun tó ń dún títí wọ́n fi fi hàn án. Ta ni nínú wa tí kò mọ ohun tó ń sọ?

Orúkọ ló máa dá yín lójú jù. Àwọn tó ṣèwádìí lórí Kossola sọ pé ìtumọ̀ orúkọ náà, ní ìlú rẹ̀, ni pé èso mi ò ní já bọ́ mọ́, ọmọ mi ò ní kú mọ́. Irú orúkọ tí à ń sọ àbíkú ni, bí ìgbà tí a sọ ọmọ ní Málọmọ́ tàbí Kòsọ́kọ́. Nígbà tí òun náà bímọ ní Alabama, orúkọ méjì méjì ló sọ wọ́n: ọ̀kan ti Amẹ́ríkà, ọ̀kan ti ilé. Àkọ́bí rẹ̀ ni Aleck lójú àwọn aládùúgbò. Orúkọ ilé rẹ̀, bí àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀ ṣe kọ ọ́, ni Iyadjemi. Ẹ pè é ketekete: Ìyàjẹmí. Mi ò rò pé ó nílò ògbufọ̀. Wọ́n kọ orúkọ ilé David, ọmọ rẹ̀ mìíràn, sílẹ̀ ní Adeniah. Létí tèmi, ó jọ Adéníyì, ṣùgbọ́n etí mi nìkan nìyẹn.

Dàhómì ló kó wọn tà. Kí ló dé tí wọ́n fi ará Dàhómì ṣe olórí?

Ìbéèrè gidi nìyí, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. Ọmọ ogun Dàhómì ló ya wọ ìlú wọn ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ní 1860, nígbà ayé Ọba Glele, àwọn jagunjagun obìnrin wà nínú wọn. Kossola rí i bí wọ́n ṣe ń bẹ́ orí èèyàn. Lójú ọ̀nà, ó tún rí wọn tí wọ́n ń yan orí náà lórí iná kó má bàa jẹrà, kí wọ́n lè gbé e délé. Nígbà tó ń sọ èyí ní nǹkan bí ọdún 67 lẹ́yìn náà, ó dákẹ́, ojú rẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ ẹni tó jókòó tì í mọ́. Wọ́n fi wọ́n sínú ọgbà ẹrú ní Ouidah fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà Foster dé. Àwọn òyìnbó rà, àwọn aláwọ̀ dúdú tà. Kò sí bí a ṣe lè sọ ìtàn yìí tí a máa yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fẹ́ yan olórí ní Alabama, Gumpa ni wọ́n yàn, ẹni tó jẹ́ ọmọ ìdílé ńlá ní Dàhómì tí wọ́n sì ta òun náà. Àlàyé Kossola kò gùn: Gumpa ò ṣe wá ní nǹkan kan. Ọba rẹ̀ ló ṣe é, kì í ṣe òun. Nínú ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn dé. Mo ti rí àwọn ẹbí tí wọ́n ń jà lórí ààlà ilẹ̀ fún ogójì ọdún, mo sì máa ń rántí Gumpa.

Kí ló dé tí wọn ò padà sílé? Àbí Meaher fún wọn nílẹ̀ ni?

Ilé ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lọ. Wọ́n ní káwọn tọ́jú owó ọkọ̀, wọ́n rò ó, wọ́n rí i pé owó tó máa kó gbogbo wọn dé Áfíríkà, àwọn ò lè rí i. Wọ́n wá gbìmọ̀ pé bí kò bá ṣe é ṣe láti dé Áfíríkà, káwọn ṣe Áfíríkà síbi tí wọ́n kó àwọn dé. Ibẹ̀ ni orúkọ ìlú náà ti wá. Ṣùgbọ́n ìlú ò sí láìsí ilẹ̀. Wọ́n ní Meaher tó kó wọn wá yẹ kó fún wọn ní díẹ̀, Kossola ni wọ́n sì rán, nítorí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Lọ́jọ́ kan, Kossola ń gé igi fún sọ́míìlì. Meaher rìn wá, ó jókòó sórí igi tí Kossola ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lulẹ̀. Ó fa ọ̀bẹ yọ lápò, ó ń fi gé igi wẹ́wẹ́ láti fi ṣeré. Kossola rò ó pé àkókò tó. Ọkàn rẹ̀ kún débi pé ó fẹ́ sunkún. Ó dúró, ó ń wo Meaher. Nígbà tí Meaher ò gbọ́ ìró àáké mọ́, ó gbójú sókè.

Ó ní, Cudjo, kí ló bà ọ́ nínú jẹ́?

Kossola ní, ilé ló ń ṣe mí.

Meaher ní, ṣebí ilé tó dáa lo ní níbí.

Kossola bi í pé báwo ni Mobile ṣe tóbi tó. Ó ní òun ò mọ̀, òun ò tíì dé orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. Kossola wá sọ fún un pé, bí ẹ bá fún mi ní gbogbo Mobile, pẹ̀lú rélùwéè rẹ̀ àti báńkì rẹ̀, mi ò fẹ́ ẹ, torí kì í ṣe ilé mi. Ẹ kó wa kúrò ní ilẹ̀ wa níbi tí a ti ní ilé. Ẹ fi wá ṣe ẹrú. A ti dòmìnira báyìí, a ò ní ìlú, a ò ní ilẹ̀. Ẹ ò ṣe fún wa ní díẹ̀ nínú ilẹ̀ yìí ká fi kọ́lé?

Meaher fò dìde. Ó ní, òpè, ṣé o rò pé mo máa kó dúkìá lé dúkìá fún yín ni? Mo tọ́jú àwọn ẹrú mi dáadáa, mi ò jẹ wọ́n ní nǹkan kan.

Ó tán síbẹ̀. Wọ́n padà sílé, wọ́n ní káwọn ra ilẹ̀ náà nígbà náà. Àwọn ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní sọ́míìlì àti níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀tù ìbọn, wọ́n bá àwọn ìyàwó wọn sọ̀rọ̀ pé kí oúnjẹ ilé má ju búrẹ́dì àti omi ìrèké dúdú lọ títí owó á fi pé. Àwọn obìnrin gbin ẹ̀fọ́, wọ́n hun apẹ̀rẹ̀, wọ́n rù ú lọ tà ní Mobile. Wọ́n ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Meaher àti lọ́wọ́ àwọn mìíràn, Meaher ò sì dín kọ́bọ̀ kù fún wọn. Charlie Lewis, tí òun náà bá Clotilda dé, àti àwọn tirẹ̀ ra ibi tí wọ́n ń pè ní Lewis Quarters títí dòní ní 1870. Ní 1872, Kossola ra nǹkan bí éékà méjì ní 100 dọ́là.

Owó wọn ni wọ́n fi ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó jí wọn gbé. Tí ẹ bá gbọ́ ẹni tó ń sọ pé Meaher ló fún wọn nílẹ̀, ẹ tọ́ ọ sọ́nà.

Báwo ni ìlú náà ṣe rí nígbà náà?

Gumpa ni olórí. Wọ́n yan ẹni méjì, Jaybee àti Keeby, ṣe adájọ́. Òfin wọn kò pọ̀: má jalè, má mutí yó, má ṣe ọmọnìkejì rẹ ní ibi. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀, wọ́n á pè é, wọ́n á bá a wí, tó bá tún ṣe é, wọ́n á fìyà jẹ ẹ́. Wọ́n jọ ń kọ́ ilé fún ara wọn, ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọgbà ẹ̀fọ́ lẹ́yìn. Ẹnu ọ̀nà ọgbà Kossola ní èèkàn igi kékeré kan tó fi ń tì í, irú èyí tí wọ́n ń ṣe nílé, tí àlejò ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Èmi fẹ́ràn èèkàn yẹn ju gbogbo ère tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà lọ.

Ní 1872, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, Onítẹ̀bọmi, èyí tó wá di Union Missionary Baptist Church. Kossola ló ń lu aago rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Lẹ́yìn náà wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ. Wọ́n ní ká bẹ ìjọba fún tíṣà. Ìjọba ní kí wọ́n kọ́ ilé náà fúnra wọn ná, wọ́n sì kọ́ ọ. Láti ibẹ̀ ni Mobile County Training School ti jáde, èyí tó di iléèwé tí gbogbo ìlú fi ń yangàn.

Wọ́n tún dìbò. Ní 1874, Charlie Lewis, Pollee Allen àti Kossola lọ síbi ìdìbò, Meaher gun ẹṣin ṣáájú wọn, ó ní wọn kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, kí wọ́n má jẹ́ kí wọ́n dìbò. Wọ́n lé wọn ní ibi àkọ́kọ́, wọ́n lé wọn ní ibi kejì. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ibi kẹta. Níbẹ̀, wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san dọ́là kan, owó iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan. Wọ́n san án. Wọ́n sì fi bébà tí wọ́n gbà pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ṣé àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀?

Gbogbo wọn kọ́. Àwọn kan ń pè wọ́n ní ará oko, wọ́n ní ẹbí ọ̀bọ ni wọ́n. Àwọn ọmọ Kossola máa ń sunkún dé láti ìta, nígbà tí wọ́n sì dàgbà, wọ́n ń jà, àwọn aládùúgbò bá ń sọ pé ẹ ò rí i, ẹhànnà ni wọ́n lóòótọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rọ̀, ìgbéyàwó wọ àárín wọn, ṣọ́ọ̀ṣì da gbogbo wọn pọ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Kossola fúnra rẹ̀?

Òun àti ìyàwó rẹ̀ Abile, tí wọ́n jọ dé nínú Clotilda, bí ọmọ mẹ́fà, ọkùnrin márùn-ún àti obìnrin kan. Gbogbo wọn ló kú ṣáájú rẹ̀, àfi ọ̀kan tó jáde lọ tí wọn ò rí mọ́. Celia, ọmọ ọdún 15, ni àìsàn mú lọ ní 1893. Igbákejì ṣẹ́ríìfù kan yìnbọn pa ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Cudjo ní 1902. Ní 1905 rélùwéè pa David. Rélùwéè ti kọlu Kossola fúnra rẹ̀ ní 1902 tí kò lè ṣiṣẹ́ líle mọ́. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ ní kí wọ́n san 650 dọ́là fún un, ilé ẹjọ́ gíga jù ní Alabama yí i padà, kò rí kọ́bọ̀. Abile kú ní 1908. Orúkọ Kossola ń ṣèlérí pé ọmọ ò ní kú mọ́. Ẹni tó bá lè kọ gbólóhùn kan lé ìyẹn, kó kọ ọ́.

Zora Neale Hurston, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú, lọ bá a ní 1927 àti 1928. Lọ́jọ́ tó dé ẹnu ọ̀nà tó sì pè é ní Kossola, omi lé ròrò lójú bàbá náà. Ó ní kò sẹ́ni tó ń pe òun ní orúkọ tí òun ń jẹ́ lókè òkun mọ́, àfi ìwọ yìí. Hurston ń kó èso píìṣì wá fún un, wọ́n jọ ń jẹ bàrà, bí kò bá wù ú láti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, obìnrin náà á jókòó tì í tàbí kó bá a tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Nígbà tó fẹ́ yà á ní fọ́tò, Kossola wọlé, ó wọ kóòtù rẹ̀ tó dáa jù, ó wá jáde láìwọ bàtà. Ó ní òun fẹ́ rí bí ẹni tó wà ní Áfíríkà, torí ibẹ̀ ni òun fẹ́ wà. Àárín sàréè ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ní kí wọ́n ti ya òun. Fọ́tò náà wà títí dòní.

Hurston kọ ìwé lórí ohun tó gbọ́, bí bàbá náà ṣe sọ̀rọ̀ gan-an ló kọ ọ́. Àwọn tó ń tẹ̀wé ní kó tún èdè rẹ̀ ṣe, ó kọ̀. Ìwé náà ò jáde títí di 2018. Kossola ti kú láti 1935.

Ṣé òun ló kú kẹ́yìn nínú àwọn tó wá nínú Clotilda?

Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Ìwádìí tó jáde láti 2019 ti yí i padà. Redoshi, obìnrin kan tí wọ́n tà lọ sí agbègbè Selma, gbé ayé dé 1937. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí Matilda McCrear, tó kú ní January 1940. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n kó o pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àbákẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ẹ ò rí i pé oríkì ni. Ilà wà lójú rẹ̀, ó sì ń di irun rẹ̀ bí wọ́n ti ń di í nílé. Nígbà tó ti lé ní 70 ọdún, ó fẹsẹ̀ rìn nǹkan bíi máìlì 15 lọ sí ilé ẹjọ́ ní Selma láti béèrè owó ìtanràn lórí ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí. Wọ́n dá a padà lọ́wọ́ òfo.

Kò gbé ní Africatown, ṣùgbọ́n n kò lè kọ ojú ewé yìí kí n má dárúkọ rẹ̀.

Kí ló wá sọ ìlú náà dà bó ṣe rí lónìí?

Èéfín. Láti òpin àwọn ọdún 1920 ni ilé-iṣẹ́ bébà ńláńlá ti dé etí ìlú. Wọ́n mú iṣẹ́ wá, òótọ́ ni, èèyàn sì pọ̀ síbẹ̀ tó nǹkan bí 12,000 nígbà tó gbóná. Ṣùgbọ́n eérú ń bọ́ sórí aṣọ tí wọ́n sá sí okùn, ó ń jẹ ọ̀dà ọkọ̀, òórùn ò sì jẹ́ kí èèyàn ṣí fèrèsé. Ilé-iṣẹ́ International Paper ti tilẹ̀kùn ní 2000, iṣẹ́ bá a lọ, àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀ lé iṣẹ́. Ní 2017, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ará ìlú tó pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ lórí májèlé tó fi sínú ilẹ̀ àti omi. Ẹni tó kù níbẹ̀ báyìí kò tó 2,000. Ọ̀nà márosẹ̀ tó gorí afárá Cochrane–Africatown, tí wọ́n ṣí ní 1991, gba àárín ìlú kọjá, ó sì gbá ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù dànù. Wọ́n fi orúkọ ìlú sórí afárá tó la ìlú sí méjì. Ẹ wo ọ̀wọ̀ tí wọ́n bù fún wọn.

Síbẹ̀, ìlú náà ní ohun tó fi ń yangàn. Cleon Jones àti Tommie Agee, agbábọ́ọ̀lù baseball méjì tó wà nínú ẹgbẹ́ Mets tó gba ife ńlá ní 1969, iléèwé Mobile County Training School ni wọ́n jọ lọ. Jones ló gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn mú tí ìdíje náà fi parí. Ó padà sílé lẹ́yìn náà, ó ń tún ilé àwọn arúgbó ṣe.

Ṣé wọ́n rí ọkọ̀ náà?

Wọ́n rí i. Ní May 2019, àjọ ìtàn ìjọba Alabama kéde pé òun ni, nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò Mobile, iná tí Foster dá sí i kò jó o tán.

Ṣé wọ́n ṣì ń sọ Yorùbá níbẹ̀?

Rárá. Àwọn tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ sọ ọ́ láàárín ara wọn títí wọ́n fi kú, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ ọmọ gbà. Orúkọ díẹ̀ ló ṣẹ́ kù, àti ìtàn tí wọ́n ń sọ nílé nígbà tí kò bójú mu láti sọ ọ́ níta.

Tí mo bá fẹ́ lọ, kí ni mo máa rí?

Africatown Heritage House, tí wọ́n ṣí ní July 2023, ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Pákó Clotilda díẹ̀ wà níbẹ̀ nínú omi, torí tí afẹ́fẹ́ bá kàn án tó gbẹ, ó máa fọ́. Ẹ lọ sí Union Missionary Baptist Church, ẹ máa rí ère Kossola níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọdá sí ibi ìsìnkú Plateau níkejì ọ̀nà, ibẹ̀ ni òun àti àwọn tirẹ̀ wà. Ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ sàréè dojú kọ ìlà oòrùn. Mo mọ̀ pé àwọn onígbàgbọ́ níbi púpọ̀ náà máa ń kọjú òkú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi ọmọ Africatown ìdí rẹ̀, á sọ fún yín pé ilé ni wọ́n ń wò.